Oyèwùsì Tó Kú Kọ́ Ni Oyèwùsì Tó Wà Láàyè

Kó-kò-kó! Kó-kò-kó! Kó-kò-kó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkìtì-Àgbàdo, tọkùnrin tobìnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè dúró lẹ́nu. Ẹni tó ń wẹ̀, kó fi ọṣẹ sílẹ̀ lójú. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ìkéde mi ọjọ́ Àìkú tó kọjá, kó tún etí ṣí dáadáa, torí irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn!

Irọ́ ni o! Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ni.

Èmi Láwoyin, akéde ààfin, ni mo ké e lọ́jọ́ Àìkú pé Bàbá Oyèwùsì, bàbá Ọláìtán tó ń tún fáànù ṣe, ti jáde láyé. Èmi náà ni mo tún dé yìí. Bàbá Oyèwùsì kò kú o! Mo tún sọ ọ́: kò kú o! Ó wà láàyè, ó jókòó, inú ń bí i, ó sì ń mu gààrí. Ó yẹ ká ti fura láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló ń kú lọ́jọ́ Àìkú?

Ibi mẹ́fà ni mo ti ké e láti àárọ̀. Iwájú ilé Bàbá Oyèwùsì yìí ló ṣìkeje, ibẹ̀ ni Kábíyèsí ní kí n parí ẹ̀ sí. Ìyà tèmi nìyẹn. Kábíyèsí ní kí n ké e nígbà méje, kí n má sì gba ẹmu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí màá fi parí. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé agbè dání níbẹ̀ yẹn, ẹ gbé e sẹ́yìn. Ẹ ń dá mi lágara.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ìyá Múlíkà, ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Orúkọ yín wà nínú bébà yìí.

Kábíyèsí, Olókìtì ti Òkìtì-Àgbàdo, ọba tó jókòó lórí òkìtì tí òkìtì ò wó, ní kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ yìí látòkè délẹ̀, kí n tó ka àṣẹ. Ó ní tí mi ò bá rò ó, ìlú ò ní mọ ìdí tá a fi fẹ́ fìyà jẹ wọ́n. Ìyà téèyàn ò mọ ìdí ẹ̀ máa ń dùn mọ́ ẹni tó ń fi jẹni gan-an, ṣùgbọ́n Kábíyèsí wa, aláàánú ni.

Ó dáa. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ọláìtán gbé Fadérera níyàwó, ó pé ọdún kan géérégé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n. Ọkọ ń tún fáànù ṣe. Ìyàwó ń ránṣọ. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan táwọn méjèèjì jọ ń jókòó sí bíi pé àga ti tán láyé. Àti tẹlifíṣàn kan! Tẹlifíṣàn náà ò tóbi ju páálí bisikíìtì lọ. Ọláìtán fúnra ẹ̀ ló fi òkú tẹlifíṣàn méjì ṣe alààyè kan. Ohùn ti inú ọ̀kan wá, àwòrán ti inú èkejì wá. Ó sì ń ṣiṣẹ́!

Áńtẹ́nà ni ìyọnu. Orí òpó ọparun ló wà, níta, lẹ́yìn fèrèsé. Àfi kí ẹnì kan dì í mú, kó kọjú ẹ̀ sí ọ̀nà oko, kó má sì mí. Tó bá mí báyìí, àwòrán á di ìrẹsì funfun.

Ìdí nìyẹn tí ọkọ fi máa ń wà níta, tí ìyàwó máa ń wà nínú ilé. Ìyàwó á máa wò ó, á máa kígbe ìròyìn láti ojú fèrèsé. Ọkọ á máa gbọ́, á máa dáhùn láti ìdí òpó. Ọdún kan gbáko! Ọkùnrin yẹn ò tíì rí ojú ẹnikẹ́ni nínú fíìmù ọ̀hún rí, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo wọn. Ìfẹ́ nìyẹn o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tẹ́ ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀ láti ìjẹta, ẹ wá wò ó!

Fíìmù tí wọ́n ń wò, gbogbo ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orúkọ ẹ̀ ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Ìyá Ọkọ. Olóyè kan wà nínú ẹ̀. Ìkà ni. Olè ni. Ó jí ìwé ilẹ̀. Ó lé ìyàwó ọmọ ẹ̀ síta nínú òjò. Ó bu májèlé sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àbúrò ẹ̀.

Orúkọ olóyè náà ni Oyèwùsì.

Ẹ̀hẹ́n! Ẹ ti dákẹ́ báyìí.

Ará ìlú, mo bi yín: ṣé ìyàwó ilé lè la ẹnu, kó pe orúkọ bàbá ọkọ ẹ̀ ní gbangba? Kò lè pè é! Ní kọ̀rọ̀ ńkọ́? Kò lè pè é! Tí orúkọ yẹn bá wá jẹ́ ti olè inú tẹlifíṣàn ńkọ́? Orúkọ ṣì ni orúkọ! Fadérera, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Kò pè é. Ọláìtán ńkọ́? Ta ló ń pe bàbá tó bí i lórúkọ? Òun náà ò pè é. Tọkọtaya wá forí korí, wọ́n ní "Bàbá" làwọn á máa pe olóyè náà. "Bàbá" lásán. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Ọ̀wọ̀ ló kó bá wa!

Torí lẹ́yìn fèrèsé yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó áńtẹ́nà, Ìyá Múlíkà ń bẹ níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń bó ẹ̀gẹ́. Mi ò mọ irú ẹ̀gẹ́ tí kì í tán bẹ́ẹ̀. Ìyá Múlíkà ò ní tẹlifíṣàn. Etí ló ní. Ohun tó sì ń fi etí náà gbọ́ rèé:

"Ọkọ mi o! Bàbá ti jí ìwé ilẹ̀!"

"Ṣebí mo ti ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọwọ́ ẹ̀!"

Ọ̀sẹ̀ kejì:

"Ọkọ mi o! Bàbá ti kó ìyàwó kékeré wálé! Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ!"

"Àgbàyà! Ojú ò tiẹ̀ tì í?"

Ọ̀sẹ̀ kẹta:

"Ọkọ mi o! Bàbá ti bu nǹkan sínú ọbẹ̀!"

"Yéè! Ọbẹ̀ ta ni? Wá di òpó mú, jẹ́ n wò ó!"

Ará ìlú, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, Bàbá Oyèwùsì tiwa, Bàbá Oyèwùsì tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé tóun bá ti jókòó ti èèyàn níbi ìjẹun, onítọ̀hún á fọwọ́ bo abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀. Bàbá ò mọ ìdí. Ó rò pé eṣinṣin ni wọ́n ń lé. Ó tún ń bá wọn lé e!

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá wá pé. Ọdún kan ìgbéyàwó! Fadérera se ìrẹsì ìkòkò ńlá. Ó din ẹran. Ọláìtán ra mọ́ọ̀tì, ó rì wọ́n sómi tútù nínú báfù. Wọ́n ní kí oníkéèkì bá wọn kọ̀wé sórí kéèkì: ỌJỌ́ TÁ A TI Ń RETÍ DÉ! Wọn ò tíì sọ fún aládùúgbò kankan. Wọ́n fẹ́ ya gbogbo ayé lẹ́nu tí fíìmù bá ti parí. Bàbá Oyèwùsì nìkan ló mọ̀, òun náà sì ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, ó lọ mú àkùkọ kan wá fún ìyàwó ẹ̀, bó ṣe máa ń pe Fadérera nìyẹn.

Aago mẹ́rin lù. Ọláìtán di òpó mú. Fadérera jókòó. Ìyá Múlíkà gbé ẹ̀gẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ wàrà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì, olóyè inú tẹlifíṣàn ṣèèṣì jẹ ọbẹ̀ májèlé tó fúnra ẹ̀ sè. Ó fọwọ́ gbá ikùn mú. Ó ṣubú. Ó kú fin-ín fin-ín!

Fadérera fò sókè! Ó yọ orí síta:

"Ọkọ mi o! Bàbá ti kú! Bàbá ti kú o!"

"O ò ṣèrànrán? Ó kú pátápátá?"

"Pátápátá!"

"Ọpẹ́ o! Ó ti pẹ́ jù! Ṣé ó jẹ̀rora?"

"Ó jẹ̀rora gan-an! Ó yí gbiri nílẹ̀!"

"O ṣeun! Bu ìrẹsì sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́!"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Múlíkà.

Ìyá tó ní orúnkún ò jẹ́ kóun rìn dé odò, ó sáré débi ilé mi, kò mí lẹ́ẹ̀kan! Èmi náà ò bèèrè nǹkan kan. Mo gbé agogo. Mo jáde. Mo ké e. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mo ké e dáadáa. Mo fi omijé sí i. Kábíyèsí fúnra ẹ̀ ní kò sí ìkéde mi tó dára tó yẹn rí, àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlú rọ́ dé ilé Ọláìtán. Igbe ta! Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bá ìrẹsì lórí iná. "Háà! Òkú ò tíì tutù, ìrẹsì ti jinná!" Wọ́n wọ yàrá, wọ́n bá kéèkì. Ẹni tó mọ̀wé kà á sókè. Ọjọ́ tá a ti ń retí dé! Obìnrin kan dákú. Ó dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹran. Nígbà tó jí, ẹran ti dín kù.

Ọláìtán ń kígbe pé kò sẹ́ni tó kú. Ta ló dá a lóhùn? Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Oyèwùsì gun kẹ̀kẹ́ dé, àkùkọ lẹ́yìn ẹ̀. Ó rí ìlú tó ń sunkún níwájú ilé ọmọ ẹ̀. Ọmọlúàbí èèyàn! Kò bèèrè nǹkan kan. Ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó bá wọn sun ún. Bàbá sunkún ara ẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú márùn-ún! Ó tún sun ún ju àwọn tó bá níbẹ̀ lọ! Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló fọwọ́ kan èjìká ẹni tó wà níwájú ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Onítọ̀hún yíjú padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá wọ gọ́tà, ẹ mọ ara yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ojú fèrèsé jáde, tẹ́ ẹ fi bàtà sílẹ̀, bàtà yín wà láàfin, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì sá tòun ti abọ́ ìrẹsì, ẹ dá abọ́ padà. Ẹ̀rù tí ò jẹ́ kéèyàn gbàgbé ìrẹsì, irú ẹ̀rù wo nìyẹn?

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, Ìyá Múlíkà jókòó ti Bàbá, ó to gbogbo ẹ̀ fún un. Ìwé ilẹ̀. Ìyàwó kékeré. Ọbẹ̀. "Ó ti pẹ́ jù." "Ṣé ó jẹ̀rora?" Bàbá wo Fadérera. Ó tún àkùkọ so mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó padà sílé ẹ̀, ó tilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó Bàbá ti ṣaláìsí tipẹ́. Oúnjẹ Fadérera ló ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Láti ọjọ́ Àìkú, tó bá gbé e lọ, Bàbá á ní òun ti yó. Gààrí! Ọjọ́ márùn-ún rèé! Ìyàwó tí bàbá ọkọ ò jẹ oúnjẹ ẹ̀ mọ́, ẹ mọ ohun tó kù fún un. Fadérera ti di ẹrù. Báàgì méjì, máṣíìnì ìránṣọ kan. Ó ní tí ilẹ̀ òní bá ṣú tí Bàbá ò jẹun òun, òun ń lọ sílé àwọn òbí òun, torí òun ò lè máa gbé nílé tí wọ́n ti ń wo òun bí ẹni tó ń retí òkú. Ọláìtán ní òun náà ń bá a lọ. Ó ní ta ló fẹ́ bá a di òpó mú níbẹ̀?

Bó ṣe dé ààfin nìyẹn. Ọjọ́rú ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ sì rú lóòótọ́.

Kábíyèsí ní: "Fadérera, ta ló kú lọ́jọ́ Àìkú?"

"Bàbá ni, Kábíyèsí."

"Bàbá wo?"

"Bàbá inú tẹlifíṣàn, Kábíyèsí."

"Kí ló ń jẹ́?"

Fadérera fọwọ́ bo ẹnu.

"Pe orúkọ ẹ̀, ká lọ jẹun!"

Fadérera wo Bàbá Oyèwùsì tó jókòó lápá òsì. Ó wolẹ̀. Omi bọ́ lójú ẹ̀. Kò pè é. Ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ yẹn nìkan ló máa gbà á sílẹ̀, orúkọ yẹn nìkan ni ẹnu ẹ̀ ò gbà!

Kábíyèsí kọjú sí Ọláìtán. Ó ní kó pè é. Ọláìtán dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, ó jọ orúkọ ẹnì kan."

"Orúkọ ta ni?"

"Ẹni tó bí mi."

"Kí lorúkọ ẹni tó bí ẹ?"

"Bàbá ni, Kábíyèsí."

Ọ̀tún ọba nà dìde. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, pé kí wọ́n lé wọn nílùú kí wọ́n tó pa ẹlòmíì. Gbogbo ààfin ń pariwo. Ibẹ̀ ni Kábíyèsí ti wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó ní: "Olóyè tó ní irùngbọ̀n yẹn ńkọ́? Tó jẹ ọbẹ̀ ara ẹ̀? Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì? Ṣebí òun ló ń jẹ́ Oyèwùsì?"

Gbogbo wa la yíjú sí Kábíyèsí.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín o. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti aago mẹ́rin sí márùn-ún, Kábíyèsí máa ń wọ inú yàrá, ó máa ń gbàdúrà fún ìlú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn. Mi ò sọ pé Kábíyèsí ń wo fíìmù. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ló ń pa mọ́ mi. Kábíyèsí ń gbàdúrà. Àdúrà ọ̀hún ló láwòrán.

Bàbá Oyèwùsì wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní: "Kábíyèsí, ẹnu yín tó o. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló fọwọ́ bo ọbẹ̀ fún mi. Kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ ná."

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pariwo láti àárọ̀. Wàyí o, àṣẹ rèé! Ẹ má sún mọ́ ara yín jù, àṣẹ yìí ní ìyà nínú.

Àṣẹ kìíní! Oyèwùsì tó kú kọ́ ni Oyèwùsì tó wà láàyè! Èmi ò fẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni nílé yìí, bàbá tèmi ò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi gbà á: OYÈWÙSÌ! Oyèwùsì inú tẹlifíṣàn ló jí ìwé ilẹ̀! Oyèwùsì inú tẹlifíṣàn ló bu májèlé! Tiwa ò jí nǹkan kan rí, àfi ìgbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń mú lọ sílé lọ tún dì. Ẹni tó bá tún fọwọ́ bo abọ́ ọbẹ̀ tí Bàbá bá ń kọjá, Bàbá ló máa jẹ ọbẹ̀ náà tán lójú ẹ̀. Onítọ̀hún á wá fi omi jẹ òkèlè. Omi tútù!

Àṣẹ kejì! Láti òní lọ, olóyè inú tẹlifíṣàn yẹn ò jẹ́ Oyèwùsì mọ́ nílùú yìí. Òkú ni, a mọ̀. Òkú náà ti gba orúkọ tuntun. Kò rọrùn o! Láti àárọ̀ Ọjọ́rú títí dìrọ̀lẹ́ làwọn ìjòyè fi wá orúkọ. Wọ́n ní kó máa jẹ́ Adéoyè. Ìyàwó alápatà fọwọ́ di etí, bàbá ọkọ òun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó jẹ́ Ajétúnmọbí. Ìyàwó onífọ́tò figbe ta. Wọ́n ní kó jẹ́ Fágbàmígbé. Ìyàwó mẹ́ta ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sí nílé kan náà! Gbogbo orúkọ tó dára ló ní ìyàwó kan tí ò lè pè é. Ebi wá ń pa Kábíyèsí. Ó wo inú abọ́ tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀. Ó ní: "Ṣàkì! Kó máa jẹ́ Ṣàkì!" Gbogbo ìyàwó wo ara wọn. Kò sí bàbá ọkọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Ṣàkì. Àtẹ́wọ́ sọ! Olóyè Ṣàkì ni o! Ẹni tó bá wá fẹ́ ra ṣàkì gidi lọ́wọ́ alápatà, kó pè é ní táwẹ̀lì inú màlúù, kí wọ́n má baà rò pé olóyè ló fẹ́ kí wọ́n gé fún un. Ẹni tó bá ṣẹ̀ sí èyí, oṣù mẹ́ta ni yóò fi máa fọ táwẹ̀lì inú màlúù ní ilé ìdáná ààfin. Mo ti rí ibẹ̀. Ẹ má ṣẹ̀ sí i.

Àṣẹ kẹta! Ẹni tó bá fẹ́ kígbe ikú láti ojú fèrèsé, kó kọ́kọ́ sọ pé "Nínú tẹlifíṣàn o!" nígbà mẹ́ta. Kó sinmi. Kó wá kígbe. Tí òkú náà bá jẹ́ òkú gidi, kó sọ pé "Kì í ṣe nínú tẹlifíṣàn o!" nígbà mẹ́ta, kó tó sunkún. Fadérera, Ọláìtán, ẹ ti gbọ́.

Àṣẹ kẹrin, ewúrẹ́ ààfin ti jẹ ẹ́. Ibi tí bébà ti ya rèé, ẹ wò ó. Kábíyèsí náà ò rántí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni, kí gbogbo ìlú máa pa á mọ́! Ẹni tó bá rú àṣẹ kẹrin, ó gbé!

Àṣẹ karùn-ún! Ẹni tó bá gbọ́ ikú láti ẹ̀yìn ògiri, kó má tíì gbàgbọ́. Kó lọ wo òkú. Tí ò bá rí gbogbo òkú, kó rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan, ó kéré jù. Ìyá Múlíkà, ẹ dìde dúró. Ẹ ò wo àtàǹpàkò kankan. Ìyà yín rèé: ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, gbogbo ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin, ẹ̀yin lẹ máa di òpó áńtẹ́nà mú, kí Ọláìtán lè jókòó nínú ilé, kó rí ojú àwọn èèyàn tó ti ń bá jà láti èṣí. Ẹ ò gbọdọ̀ mí. Ẹ̀gẹ́ kankan ò sí níbẹ̀!

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Èmi kọ́ ni mo dá a.

Àṣẹ kẹfà! Ẹni tó bá rí i táwọn èèyàn ń sunkún, kó bèèrè ẹni tó kú kó tó bá wọn sun ún. Bàbá, ẹ má bínú, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí o.

Àṣẹ keje! Ìwé orí kéèkì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó, kó kọ ÌGBÉYÀWÓ. Ẹ yé kọ àdììtú sórí ṣúgà!

Àṣẹ kẹjọ! Tí oorun bá gbé Kábíyèsí lọ níbi àdúrà, Fadérera ni yóò wá sọ ibi tí àdúrà dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni yóò gbà wá sọ ọ́ tó bá ti lọ sílé bàbá ẹ̀?

Ó ku ẹyọ kan. Kò ní nọ́mbà. Bàbá Oyèwùsì o! Èmi Láwoyin ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ ní kí ìlú gbọ́, ìlú ti gbọ́. Mo pa yín lọ́jọ́ Àìkú, mo jí yín lónìí, ẹ forí jì mí. Kábíyèsí ní ọba ò lè pàṣẹ fún ikùn ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n kàn bi yín ni: ṣé ẹ máa jẹ oúnjẹ ìyàwó yín, àbí ẹ ò ní jẹ ẹ́?

Ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ ká gbọ́!

Ilẹ̀kùn ń ṣí. Bàbá ń jáde bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má tì, màá máa sọ ọ́ fún yín. Fadérera ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Iyán wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀fọ́ wà nínú abọ́ kejì. Báàgì méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọláìtán ru máṣíìnì, kò sọ ọ́ kalẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀.

Bàbá ń sọ̀rọ̀. Ó ní: "Fadérera, Láwoyin ti pè é. Kábíyèsí ti pè é. Gbogbo àdúgbò ti pè é. Ìwọ nìkan ló kù. Mo fún ẹ láyè lónìí, ẹnikẹ́ni ò ní bú ẹ. Pè mí lórúkọ, kó o sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni. Ẹnu tìẹ ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Yéè! Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí Bàbá sọ? Ó ní kó pe òun lórúkọ! Àwọn ìyàwó ilé ti ń di etí o. Ẹ dúró! Ó ti la ẹnu!

Ó ní: "O..."

Ó pa á dé.

Ó tún là á. Ó ní: "Oyè..." Ó gbé abọ́ sún mọ́ Bàbá. Ó ní: "Oyè... Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọbẹ̀ ń tutù."

Ó tì í. Kò lè pè é. Pẹ̀lú gbogbo àyè tí wọ́n fún un, kò lè pè é!

Bàbá ń wò ó. Bàbá ń wo gbogbo wa. Bàbá ní: "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹni tí ẹnu ẹ̀ ò gbà á kó pe orúkọ mi, òun lẹ ní ó ń pe ikú fún mi?"

Ẹ dáhùn! Èmi ti ṣí fìlà tèmi. Ẹ ṣí tiyín.

Bàbá ti jókòó sílẹ̀. Ó fọwọ́. Ó bù ú. Ó fi kan ọbẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu. Ẹ má mí! Ó gbé e mì! Òkìtì-Àgbàdo, ó gbé e mì! Ó tún bu òmíì! Ọláìtán, sọ máṣíìnì kalẹ̀, ọrùn ẹ á kán!

Ohun tí ọba wí nìyẹn. Ohun tí Bàbá jẹ nìyẹn. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún adití. Adití tó bá gbọ́, kó yé díbọ́n. Èmi Láwoyin ni mo ké e, ẹlẹ́ẹ̀keje rèé, ó tán lẹ́nu mi. Ẹ gbé agbè yẹn wá.

Kó-kò-kó!